Omi Ẹsẹ̀ Lẹ́nu Ilé Onítáyà

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní Ìdànrè, ilé náà là ń wò kí a tó fọmọ fọ́kọ, èyí ni kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Haneefah àti Naheem rọrùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò ní ilé. Ó ní in. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ilé náà ní táyà, ó ní ẹ́ńjìnnì, bí ó bá sì wu ẹni tó ni ín, ó lè wà á kúrò lójú àna.

Ṣọ́ọ̀bù Alhaji Tàjùdéèn ni àwọn méjèèjì ti pàdé, ní Òdòdé nínú Ìdànrè, níbi tí Alhaji, bàbá Haneefah, ti ń ta páànù, ìṣó àti irin. Alhaji fẹ́ràn láti máa sọ pé bí òjò bá ń rọ̀ ní Ìdànrè, òun mọ iye ènìyàn tó ń sùn lábẹ́ páànù òun. Ìyá Haneefah ti kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rákòrò, Alhaji kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Mùjídàt aránṣọ, ni wọ́n jọ tọ́ ọmọ náà dàgbà. Nígbà tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí iṣẹ́ ìjọba kò yọjú, ó jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Naheem máa ń wá ra páànù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ́lé kì í rà á bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ jórinjórin ló ń ṣe ní Aládé, nínú Ìdànrè kan náà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àpá iná sì kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kò pọ̀, Haneefah bi í léèrè irú ilé tó ń fi páànù ẹyọ kọ̀ọ̀kan bò. Ó dáhùn pé ilé náà gùn, ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Haneefah rẹ́rìn-ín. Naheem náà rẹ́rìn-ín, ó sì jọ pé ó ya òun gan-an lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, bí kò bá rí páànù rà, á ra ìṣó. Ọkùnrin tó bá ń ra ìṣó lemọ́lemọ́ tí kò kan nǹkan kan, gbogbo ọjà ló mọ ohun tó ń wá.

Nígbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá kòkó sí etí títì, Haneefah lọ sí Aládé láti lọ fojú ara rẹ̀ rí ilé náà. Ẹ̀yìn ilé ìlagi kan tí wọ́n ti pa tì ló wà. Bọ́ọ̀sì gígùn ni, èyí tó ti kó èrò títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi dákẹ́. Naheem rà á bí ẹni ra irin jíjẹrà, ó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe díẹ̀díẹ̀, ó yọ gbogbo àga inú rẹ̀, ó kan pákó sí i nínú kí ooru má baà pa ènìyàn, ó sì fi páànù tuntun bo òrùlé tó ti dípẹtà. Ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù gáàsì wà níbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lójú gbogbo fèrèsé. Ní ẹnu ọ̀nà, ó jó àtẹ̀gùn irin kékeré kan mọ́ ọn, ó sì kùn ún ní àwọ̀ ewé.

Ó mọ́ ju bí Haneefah ṣe rò lọ. Síbẹ̀, ó bi í léèrè ìdí tí kò fi gba yàrá bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Naheem sọ ìdí rẹ̀ fún un.

"Ìhà Òkèhò ni bàbá mi ti wá síbí," ó ní. "Oko kòkó olóko ló ń ro, lọ́hùn-ún lápá Ofosu, inú abà olóko náà la sì ń gbé. Ilẹ̀ sàréè rẹ̀ ò tíì gbẹ tí olóko fi ní òun ti gbé oko fún ẹlòmíì. Wọ́n kó ẹrù wa síta. Òjò ń rọ̀. Ìyá mi jókòó lórí ẹní tó ti rin, ó ń fi ìró ara ẹ̀ bo Kùránì bàbá mi. Àtìgbà yẹn ni mo ti sọ ọ́ nínú ara mi pé ilé tí mo bá máa gbé, bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, òun náà á bá mi lọ."

Àánú ṣe Haneefah, ṣùgbọ́n àánú kọ́ ló mú un jókòó sórí àtẹ̀gùn náà títí oòrùn fi lọ sẹ́yìn òkè. Ìfẹ́ ni. Ó mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ẹ̀rù sì bà á, nítorí ó mọ bàbá rẹ̀.

Ọdún yí po kó tó lè sọ ọ́ nílé. Kò tilẹ̀ sọ ọ́ fúnra rẹ̀; Mùjídàt ló bá a gbé e lọ bá Alhaji. Wọ́n ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀ba, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti mojú ara wọn tipẹ́ kí wọ́n tó ní alárinà rárá. Mùjídàt gbìyànjú. Ó ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ ọmọkùnrin náà, ó ròyìn ìrun rẹ̀ tí kì í pa jẹ. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ilé, ó fẹ́ sáré kọjá níbẹ̀. Alhaji ní kó padà síbẹ̀.

Èdè Ìdànrè ni Alhaji fi fèsì, èdè tí kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àfi bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún. Ó ní òun kò kọ tálákà, orí lòun náà ti fi ru páànù rí. Ó ní òun kò kọ ọmọ àtọ̀húnrìnwá. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi lé òun lọ́wọ́, òun kò ní sìn ín lọ sínú mọ́tò. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dun gbogbo wọn jù:

"Bí ẹ bá sin ọmọ yìí dé ọ̀hún, ẹnu ọ̀nà wo lẹ máa dúró sí? Ta ló máa bu omi sí i lẹ́sẹ̀? Táyà?"

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ìyàwó kì í ṣàdéédéé wọ ilé ọkọ. Àwọn obìnrin ilé á ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bu omi tútù sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà kó tó ré kọjá. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti fọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kan, ilé náà ló ni ín. Naheem kò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, kò ní ìyàwó ilé kankan ní Ìdànrè. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù fún un, ìyẹn sì wà ní abà kan lẹ́yìn Ofosu, lọ́dọ̀ àwọn ará Òkèhò ẹgbẹ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ láìsí Alhaji, kò sí yìgì. Kò sí lémọ́mù tó máa so ó láìjẹ́ pé bàbá ọmọ yọ̀ǹda. Àwọn ọ̀rẹ́ Haneefah kan ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa bá ọkùnrin náà lọ, pé bó bá bímọ, bàbá á rọ̀. Kò gbà. Bàbá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di irun fún un nígbà tí kò sí ìyá, kò lè gbé e sẹ́yìn kó sì máa pe ìyẹn ní ìgbéyàwó.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Mùjídàt kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe lọ sọ ọ́ fún Naheem, títí dé orí ọ̀rọ̀ táyà tí Alhaji fi parí rẹ̀. Ó ṣáà tún fi kún un pé Alhaji kò tíì ti ilẹ̀kùn pa, pé ó máa rán ènìyàn wá wádìí rẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe. Kò sọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá. Ẹni tó ń wádìí ilé àna kì í ránṣẹ́ ṣíwájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé tí wọ́n ti gbá dè é ló máa bá.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni Naheem gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀: ta ló máa bu omi? Ìdí ìyá rẹ̀ ti ń dùn ún tipẹ́, kò lè jókòó nínú mọ́tò akérò dé Aládé; àfi kó dùbúlẹ̀. Ibùsùn sì wà nínú ilé Naheem. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó yọ òkúta lábẹ́ táyà, ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó wa ilé rẹ̀ lọ mú ìyá rẹ̀ wá. Kò sọ fún Haneefah, nítorí kò dá a lójú pé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà á gbé òun débẹ̀, ojú sì ń tì í.

Inú ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Bàbá Olútìmẹ́hìn, ọ̀rẹ́ Alhaji láti kékeré, mú àgbàlagbà kan dání, wọ́n jọ lọ sí Aládé láti wádìí. Wọ́n dé ẹ̀yìn ilé ìlagi. Koríko tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni wọ́n bá níbi tí ilé wà, àti epo ẹ́ńjìnnì tó ta sílẹ̀. Wọ́n bi àwọn ará àdúgbò, àwọn yẹn ní ó ti wà á lọ. Wọ́n padà sí Òdòdé.

"Alhaji," Bàbá Olútìmẹ́hìn ní, "a dé ilé àna yín. A ò bá ilé."

Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin tó bá lè gbé ilé sá lọ nítorí pé àgbà ń bọ̀ wá wò ó, á gbé ọmọ òun sá lọ lọ́jọ́ kan. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, kí ẹnikẹ́ni má tún dá a sílẹ̀ nílé òun.

Haneefah pe fóònù Naheem títí. Kò lọ. Kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti kọṣẹ́ nínú oko níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, àti pé abẹ́ mọ́tò ni ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sí tó ń tún un ṣe. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn burú ju ìbínú lọ. Ó ń rò ó pé ẹni tí wọ́n ti lé jáde rí lè ti kọ́ bí a ṣe ń lọ kí wọ́n tó lé e. Bóyá kò sá fún un. Bóyá bó ṣe rí ni, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti le, á yọ òkúta lábẹ́ táyà. Báwo lèèyàn ṣe ń fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó sunkún, ó sì pinnu pé òun á gbọ́ ti bàbá òun.

Nígbà tó gbọ́ pé bọ́ọ̀sì náà ti padà sí Aládé, ó lọ láti lọ sọ ọ́ lójúkojú. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Kò kúkú gùn: bàbá mi kọ̀, ó ti rẹ èmi náà, kí Ọlọ́run fún ọ ní tìrẹ. Naheem kò sí nílé, ó lọ pọn omi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bí Haneefah ṣe gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn irin, ohùn obìnrin kan jáde láti inú.

"Ta nìyẹn?"

Obìnrin arúgbó kan ló wà lórí ibùsùn. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, òjìji nìkan ló ń rí. Haneefah kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó kí i, ó dárúkọ ara rẹ̀.

"Haneefah? Ìyàwó mi? Wọ́n ti sìn ọ́ dé?" Arúgbó náà ti ń dìde. "Dúró. Má tíì wọlé o. Dúró síbẹ̀ yẹn."

Haneefah ya ẹnu láti sọ pé wọn kò sin òun wá, pé òun nìkan lòun wá, pé nǹkan mìíràn lòun wá ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti ń fi ìdí wọ́ bọ̀ lórí pákó, ó ń fi ọwọ́ tá ògiri, ìrora sì hàn lójú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, igbá omi kan wà tí wọ́n fi àwo dé. Ìyá náà ti gbé e kalẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Ó ṣí i, ó fi ọwọ́ wá ẹsẹ̀ Haneefah títí ó fi rí i, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì bu omi sí i. Omi náà tutù.

"Ẹsẹ̀ rẹ á tutù nílé yìí," ó ní. "Wọn ò ní lé ọ níbi tó o bá wà. O ò ní bá ẹrù rẹ níta. Òjò ò ní pa ọ́ lórí ẹní."

Haneefah mọ̀ pé òun lè fa ẹsẹ̀ òun yọ. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá fà á yọ báyìí, kò ní ṣe é fà mọ́.

"Àmín, mà," ó ní.

Naheem bá wọn bẹ́ẹ̀, ó gbé gálọ́ọ̀nù omi dání. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà, ó wo ilẹ̀ tó tutù, ó sì gbé gálọ́ọ̀nù náà kalẹ̀. Haneefah mú un lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó sọ fún un pé ohun tí òun bá wá ni láti sọ pé ó ti tán. Ó gbọ́ ti Ofosu lẹ́nu rẹ̀, ó gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì, ó sì bínú sí i gidigidi pé kò sọ. Naheem tọrọ àforíjì, ó wá bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ó ti tán lóòótọ́.

"Wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ mi," Haneefah ní. "Jẹ́ kí n lọ bá bàbá mi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Alhaji láìfi ọ̀kan pamọ́, ó kúnlẹ̀, kò dìde. Alhaji kò nà án, kò sì pariwo. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Mùjídàt sáré tẹ̀ lé e, nítorí ó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀gbọ́n òun burú ju ariwo rẹ̀ lọ.

Àìlera ìyá Naheem ti pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n dé Aládé. Alhaji bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó wọ bọ́ọ̀sì náà, orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Naheem dọ̀bálẹ̀. Ìyá Naheem ni Alhaji kọjú sí.

Ṣùgbọ́n ìyá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Naheem ti ṣàlàyé fún un, ó ti mọ àṣìṣe tó ṣe.

"Alhaji, ẹ foríjì mí. Mo bu omi sí ọmọ yín lẹ́sẹ̀ kí ẹ tó fi í fún wa. Ojú mi ni. Ìkánjú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú." Ó sinmi kó tó máa bá a lọ. "Èmi ò rí ẹni bu omi sí mi. Abà olóko ni ọkọ mi mú mi wọ̀, kò sóbìnrin níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kì í sì í ṣe tiwa. Ẹsẹ̀ eléruku ni mo fi wọlé, ẹsẹ̀ eléruku náà ni mo fi jáde. Mo ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún aya ọmọ mi. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mú un lọ, ẹ máa mú un lọ. Omi kì í ṣe okùn."

Alhaji wo òkè, páànù tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n dájú. Ó bi ìyá náà bóyá ó ti jẹun. Ó ní kí Mùjídàt dúró tì í. Lẹ́yìn náà ló jáde, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n lè rò.

Ìyá Naheem kò pẹ́ sí i. Ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó dákẹ́. Mùjídàt àti àwọn obìnrin mọ́sáláásí wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í. Nígbà tí wọ́n bi Naheem ibi tí wọ́n máa gbẹ́ sàréè sí, ó ní òun kò ní ilẹ̀ níbí. Ó ní òun á gbé e padà sí oko tí bàbá òun wà, bí olóko bá gbà. Ó tẹ́ ìyá rẹ̀ sórí ibùsùn, ó yọ òkúta lábẹ́ táyà, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó ṣáná sí i.

Alhaji ló rí tó dúró níwájú ọkọ̀ náà.

"Pa á," Alhaji ní.

Naheem ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ọ̀nà jìn, òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀.

"Mo ní kó o pa á." Alhaji gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ náà. "Àyè kan wà ní àgbàlá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Haneefah. Ara mi ni mo fi í pamọ́ fún. Wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ."

Naheem pa ẹ́ńjìnnì. Ó gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó sunkún bí kò ṣe sunkún láti kékeré. Alhaji dúró dè é títí ó fi ṣe tán. Ó wá sọ fún un pé ẹni tí ìyá rẹ̀ bá sùn sí àgbàlá òun, kò sẹ́ni tó tún lè ní kó máa lọ nílùú náà.

Wọ́n so yìgì nígbà tí ọ̀fọ̀ kúrò nílẹ̀. Kò sí ariwo níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsàrì, àwọn obìnrin sin Haneefah lọ sí Aládé, Alhaji sì tẹ̀ lé wọn, èyí tí bàbá ìyàwó kì í ṣe. Kò sẹ́ni tó gbójúgbóyà láti sọ fún un pé kó padà. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn aláwọ̀ ewé náà, gbogbo wọn dúró, nítorí kò sí ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà. Mùjídàt wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá gbé igbá omi tó mú wá láti ilé, ó ní òun á ṣe é, àìsí ẹni kì í jẹ́ ká má ṣe ohun tó yẹ.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí Alhaji di igbá náà mú.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní. "Wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Haneefah bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì gun àtẹ̀gùn wọlé.